Wọ́n ní ìró lè pa jẹjẹrẹ ọpọlọ bí èèyàn bá kọ́kọ́ mu oògùn kan: ṣé òótọ́ ni?

Òjò_Àárọ̀ kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ní glioblastoma, jẹjẹrẹ ọpọlọ kan tó le gan-an. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó ti gba ìtànṣán, ó sì ti lo kẹmó temozolomide tán, àmọ́ MRI tó ṣe kẹ́yìn fi hàn pé kókó náà ti ń hù padà. Ìbátan wa kan wá fi fídíò ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní èèyàn á mu oògùn kan, wọ́n á gbé ultrasound lé e lórí, jẹjẹrẹ á kú, kò sí ọ̀bẹ, kò sí ìtànṣán. Ó tún ní ẹni tó bá mọ èyí kò gbọdọ̀ gba kẹmó mọ́. Ilé ti pín sí méjì báyìí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dá kẹmó tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ fún un dúró.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan yìí wà lóòótọ́, àti ibi tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ ni kó dáhùn. Àdúrà ti pọ̀ nílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:

Òjò_Àárọ̀, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó jẹ́ kánjúkánjú. Ìtọ́jú yẹn wà, sonodynamic therapy ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àmọ́ inú ìwádìí ló ṣì wà. FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, kò tíì fọwọ́ sí i fún kókó ọpọlọ kankan, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi í rọ́pò kẹmó. Ẹ bá wa bẹ ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín. Bí oògùn bá ń dà á láàmú, kí wọ́n sọ fún dókítà. Ó lè dín in kù, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń lo dexamethasone, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já a gbà lẹ́nu rẹ̀ lójijì. Òun ló ń mú kí ọpọlọ tó wú rọlẹ̀, ara á sì ti gbára lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, lábẹ́ ojú dókítà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìró:

Ẹ̀kọ́ nípa ìró ni iṣẹ́ mi, mi ò kì í ṣe dókítà. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi ultrasound ṣe nínú ọpọlọ, fídíò wọ̀nyí á sì pò ó pọ̀ bíi pé ọ̀kan ṣoṣo ni.

Èkínní ni jíjó. Wọ́n á dé akoto ńlá kan sí aláìsàn lórí, tí ẹ̀rọ kéékèèké tó ń tú ìró jáde pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ní 1,024. Ìró ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò lágbára tó láti pa ohunkóhun lára bó ṣe ń kọjá. Ojú ibi tí gbogbo wọn ti pàdé nìkan ni ooru ti ń gòkè, bí ìgbà tí èèyàn fi dígí kó ìtànṣán oòrùn jọ sójú kan. Níbẹ̀, ooru lè lé ní ìwọ̀n 55 Celsius, sẹ́ẹ̀lì tó bá wà níbẹ̀ á sì kú. Ọdún 2016 ni FDA fọwọ́ sí èyí fún àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n gidigidi. Ní ti kókó ọpọlọ, àwọn dókítà ní Zurich ròyìn ní 2014 pé àwọn ti fi jó apá kan kókó tó wà ní àárín gbùngbùn ọpọlọ aláìsàn kan. Kò fi bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìdí rẹ̀ kò sì le: àárín orí ni akoto náà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí kókó bá súnmọ́ eegun agbárí, eegun náà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ojú ibi tí ìró ti ń pàdé sì kéré púpọ̀, kókó ńlá á gba àkókò tí kò ṣeé fara dà.

Èkejì ni ṣíṣí ilẹ̀kùn. Odi kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn wọlé. Wọ́n á fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tó ní àwọn ẹyọ afẹ́fẹ́ kéékèèké tí wọ́n fi awọ fẹ́lẹ́ bò. Tí ìró bá kàn wọ́n, wọ́n á máa wú, wọ́n á máa sún kì nínú òpó ẹ̀jẹ̀, odi náà á sì ṣí fún wákàtí díẹ̀. Ilé ìwòsàn Sunnybrook ní Toronto ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe èyí fún aláìsàn tó ní kókó ọpọlọ láìla agbárí, ní 2015. Kẹmó ni wọ́n fi ránṣẹ́ gba ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni jíjí oògùn. Èyí gan-an ni fídíò yín ń sọ. Oògùn náà kì í pa sẹ́ẹ̀lì nígbà tó bá dá wà, ìró tí wọ́n rọra lò kì í pa á bákan náà. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni ikú ti ń ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún yín pé «wọ́n fi ultrasound wo jẹjẹrẹ ọpọlọ», ẹ bi í pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Onírònú:

Ẹ ṣeun, Akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ ultrasound kan náà kọ́ ni wọ́n fi ń wo aboyún? Báwo ló ṣe wá di ohun tó ń pa sẹ́ẹ̀lì? Tó bá sì ń pa á, kí ló ń dáàbò bo ọpọlọ tó kù?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìró:

Irú ìró kan náà ni, agbára ló yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó o jọ. Ti aboyún máa ń tàn ká, ó ń kàn, ó ń padà, ẹ̀rọ á sì yà á sójú. Ìró tó ń lọ sínú ọpọlọ sì gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ti aboyún lọ, torí eegun agbárí máa ń gbé ìró mì, ó sì máa ń yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ti aboyún ń lo mílíọ̀nù méjì sí márùn-ún ìgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Akoto tí wọ́n fi ń jó nǹkan nínú ọpọlọ wà ní nǹkan bí 650,000, èyí tí wọ́n fi ń ṣí odi sì wà ní nǹkan bí 220,000. Wọ́n tún máa ń ya CT orí aláìsàn ṣáájú, kí kọ̀ǹpútà lè mọ bí eegun ṣe nípọn tó níwájú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kó sì sún àkókò ìró rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn.

Ní ti ìbéèrè kejì, ooru kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ nínú jíjí oògùn, MRI sì máa ń wọn ooru inú ọpọlọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ohun tó ń dáàbò bo ọpọlọ yòókù ni pé oògùn kò sí níbẹ̀, tàbí kó kéré gan-an. Ẹni tó mọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì ló yẹ kó sọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ilé_Sẹ́ẹ̀lì:

Wọ́n pè mí, mo dé. Oògùn tí wọ́n ń lò jù ni 5-ALA. Kì í ṣe àjèjì sí ara, ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe é lójoojúmọ́, òun ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tí ara ń gbà ṣe ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀. Bí èèyàn bá gbé e mì lọ́pọ̀, sẹ́ẹ̀lì á sọ ọ́ di protoporphyrin IX, ohun tó kàn ku irin kó tó di ti ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó dáa á tètè ki irin bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì glioma, ìyẹn irú kókó ọpọlọ tí glioblastoma wà lára wọn, kì í lè ṣe é tán, torí ohun tó yẹ kó ki irin bọ̀ ọ́ kò tó nínú rẹ̀, protoporphyrin á wá kó jọ síbẹ̀ gègèrè.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń jẹ àǹfààní èyí tipẹ́. Aláìsàn á mu 5-ALA, 20 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan, ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó kun ún lóorun. Wọ́n á ṣí orí, wọ́n á tan iná àwọ̀ búlúù, kókó náà á sì máa tàn bí ẹ̀yinná nígbà tí ọpọlọ gidi wà ní àwọ̀ búlúù. Ẹni tó bá ti rí i rí kò lè gbàgbé. Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2007, Amẹ́ríkà ní 2017. Nínú ìwádìí kan tí àwọn ará Jámánì tẹ̀ jáde ní 2006, iye aláìsàn tí wọ́n rí gbogbo kókó tó hàn lójú MRI kó kúrò lórí wọn jẹ́ 65 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú iná náà, 36 láìsí i.

Ìmọ́lẹ̀ náà lè mú protoporphyrin pa sẹ́ẹ̀lì, wàhálà ibẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í wọ inú ẹran jìnnà, mílímítà díẹ̀ ni. Ìró ń lọ jìnnà, ó ń gba inú eegun kọjá. Òun ni wọ́n ṣe ní kí àwọn fi ìró ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí ìró bá kàn án, ọ́síjìn tó wà nítòsí á di burúkú, èyí tó ń jó nǹkan láìsí iná, á ba ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́, sẹ́ẹ̀lì náà á kú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń bára wọn jiyàn lórí bí ìró ṣe ń jí i gan-an. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ kéékèèké inú omi ara ló ń fọ́, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó ń jí oògùn. Àwọn kan ní rárá, títì tí ìró ń ti sẹ́ẹ̀lì ni. Èmi ò rò pé ìyẹn yẹ kó dá aláìsàn dúró. Ọ̀pọ̀ oògùn tó dáa ni wọ́n ti ń lò kí wọ́n tó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Onírònú:

Mo gbọ́, ó sì dùn gbọ́. Àmọ́ nínú ike àti nínú eku, kí ni kì í pa jẹjẹrẹ? Ṣé wọ́n ti rí i lára ènìyàn?

Ilé_Sẹ́ẹ̀lì:

Ìbéèrè tó yẹ ni. Láti 1989 ni àwọn ará Japan, Yumita àti Umemura pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, ti fi hàn pé ìró àti oògùn irú èyí jọ ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ju kí ọ̀kan dá wà lọ. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ kó tó kan ọpọlọ ènìyàn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwádìí tó ti wáyé ni ti Phoenix, ní Arizona, ní Ivy Brain Tumor Center tó wà lábẹ́ Barrow Neurological Institute. Àwọn tí glioma wọn ti padà, tí wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n mú. Wọ́n fi 5-ALA sí wọn ní ẹ̀jẹ̀, wọ́n wá da ìró sí apá kan kókó náà, wọn ò fọwọ́ kan apá kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n gé kókó náà jáde, wọ́n sì gbé apá méjèèjì sábẹ́ ẹ̀rọ awò. Ẹ wò ó: aláìsàn kan náà, kókó kan náà, oògùn kan náà, ìró nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n rí àmì pé ọ́síjìn burúkú ti ṣiṣẹ́ ní apá tí ìró kàn ju apá kejì lọ, àmì ikú sẹ́ẹ̀lì náà sì hàn níbẹ̀.

Ìyẹn fi hàn pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ nínú orí ènìyàn. Kò fi hàn pé ẹni tó gbà á ń pẹ́ láyé ju ẹni tí kò gbà á lọ. Ìwádìí ńlá tó ń pín aláìsàn sọ́nà méjì ló ń dáhùn ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:

Kí ẹ lè mọ ohun tí à ń wọ̀n ọ́n mọ́: ní 2005 ni ìwádìí ńlá fi hàn pé bí wọ́n bá fi temozolomide kún ìtànṣán, ìdajì àwọn tó ní glioblastoma ń kọjá oṣù 14.6, dípò 12.1. Ẹni tó bá wà láàyè lọ́dún kejì di 26 nínú ọgọ́rùn-ún, ó jẹ́ 10 tẹ́lẹ̀. Oṣù méjì àti àbọ̀ yẹn ni gbogbo ayé fi yí ìtọ́jú padà. Ẹni tó bá wá dá kẹmó dúró nítorí ohun tí kò tíì ní irú iye bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi bi í pé kí ló fẹ́ gbé dé ipò rẹ̀.

Ìyá_Tèmi:

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ nípa oògùn, àmọ́ bàbá mi lo akoto yẹn nítorí ọwọ́ gbígbọ̀n, mo sì wà níbẹ̀. Òjò_Àárọ̀, bó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín wọnú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ẹ múra sílẹ̀. Wọ́n fá orí bàbá mi korodo. Wọ́n de férémù irin mọ́ ọn lórí pẹ̀lú ìdè mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú. Ó ní ìyẹn ló dun òun jù. Wọ́n fi rọ́bà kan yí orí ká, wọ́n da omi tútù sáàárín rẹ̀ àti akoto, omi náà ń lọ ó ń bọ̀ kí awọ orí má baà gbóná. Ó wà nínú MRI fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bọ́tìnnì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè tẹ̀ bí ara bá kọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Àwọn tó ń sọ pé «kò sí ọ̀bẹ» kò parọ́, wọn ò kàn ní sọ ti férémù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìró:

Ẹ ṣeun, mà. Gbogbo ẹ̀rọ kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ilé iṣẹ́ Carthera ní ilẹ̀ Faransé ní èyí tí wọ́n ń pè ní SonoCloud-9: wọ́n á gbé pátákó kékeré tó ní ẹ̀rọ ìró mẹ́sàn-án sójú ihò tí iṣẹ́ abẹ dá sí agbárí, wọ́n á rán awọ orí bò ó. Nígbà tí ìtọ́jú bá tó, abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n á gún gba awọ orí kọjá láti so ó mọ́ iná, ìró náà kì í tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣíṣí odi ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ní Northwestern University, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023 lò ó fún aláìsàn mẹ́tàdínlógún. Kẹmó paclitaxel tó wọ ọpọlọ níbi tí odi ti ṣí fi ìlọ́po 3.7 ju ibi tí kò ṣí lọ, ti carboplatin fi ìlọ́po 5.9. Wọ́n sì rí i pé láàárín wákàtí kan, odi náà ti ń padé. Èyí kọ́ wọn pé kí kẹmó wọ ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti jíjí oògùn, ilé iṣẹ́ Alpheus Medical ń dán ọ̀nà mìíràn wò: wọn kì í kó ìró jọ sójú kan, wọ́n ń jẹ́ kó tàn ká ìdajì ọpọlọ, láìsí MRI. Èmi fara mọ́ èrò yìí. Glioblastoma kì í dúró síbi tí MRI ti fi hàn. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti máa ń rìn wọ inú ọpọlọ tó dáa, ìdí nìyẹn tó fi máa ń hù padà létí ibi tí wọ́n ti gé e. Bó bá jẹ́ pé ibi tí oògùn kó jọ sí nìkan ló ń jí, kí la fẹ́ fi ojú kan ṣoṣo ṣe?

Onírònú:

Ibi tí mo fẹ́ kọjú ìjà sí yín nìyẹn. Ṣé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti rìn lọ náà ń kó protoporphyrin jọ tó? Ẹ sọ pé ó ń tàn pupa lábẹ́ iná búlúù. Ní etí kókó ńkọ́?

Ilé_Sẹ́ẹ̀lì:

Ẹ gbá a mú. Ní etí, ó máa ń rọ di àwọ̀ píǹkì, tó bá sì ti jìnnà, ojú kì í rí i mọ́. Kókó kan náà lè tàn gan-an níhìn-ín kó má tàn lọ́hùn-ún. Kò túmọ̀ sí pé oògùn kò sí níbẹ̀ rárá, ó kàn kéré. Bóyá èyí tó kéré yẹn tó láti pa á ni gbogbo ìjà náà dá lé, sí tèmi. Bí ìró bá ń pa àárín kókó nìkan, ọ̀bẹ ti ń ṣe ìyẹn.

Alábòójútó:

Mo ti yọ líǹkì fídíò náà kúrò nítorí pé ó ń darí èèyàn sí ibi ìsanwó. Ẹ máa bá ìjíròrò lọ.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:

Ẹ ṣeun, Alábòójútó. Mo ti ń retí ìyẹn. Àwọn ibi kan wà tí wọ́n ń ta «sonodynamic» fún ẹni tó bá lówó, wọ́n á fún un ní oògùn kan sábẹ́ ahọ́n, wọ́n á gbé ẹ̀rọ kékeré lé e lára, kò sí ìwádìí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sí MRI, kò sí ẹni tó ń ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn lẹ́yìn náà. Ìwádìí gidi máa ń ní nọ́ńbà lórí ClinicalTrials.gov tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT. Wọ́n á fún yín ní ìwé láti kà kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ sì lè jáde nígbàkigbà. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó ńlá fún oògùn tí òun ń dán wò, ẹ fà sẹ́yìn.

Ẹni tó bá mu 5-ALA ní láti sá fún oòrùn àti iná tó mọ́lẹ̀ gan-an fún wákàtí 24 sí 48, torí awọ ara náà gbà nínú rẹ̀. Fèrèsé ilé ìwòsàn, iná yàrá iṣẹ́ abẹ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́. Oògùn bíi doxycycline, tó ń mú kí oòrùn tètè jó awọ ara, kò gbọdọ̀ bá a pàdé. Ẹni tó ní àrùn porphyria, tí ara kì í lè ṣe ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, kò gbọdọ̀ mu ún rárá. Wọ́n á tún máa yẹ ẹ̀dọ̀ wò.

Ọmọ_Odò:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni tèmi. DIPG ni wọ́n pè é, kókó kan tó ń hù nínú ìdí ọpọlọ ọmọdé. Wọ́n ní kò ṣeé gé. Ṣé wọ́n ń ṣe èyí fún ọmọdé?

Ilé_Sẹ́ẹ̀lì:

Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwádìí wà fún un. Children's National Hospital ní Washington wà lára àwọn tó ń dán 5-ALA àti ìró wò fún DIPG. Ipele ìbẹ̀rẹ̀ ni, ohun tí wọ́n ń wá jù ni bóyá kò léwu àti ìwọ̀n ìró tó yẹ. DIPG wà níbi tí ọ̀bẹ kò lè dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbìyànjú ìró. Kí dókítà ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ sí wọn. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí ọ̀pọ̀ ìwádìí ní àkókò tí ọmọ ti gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́yìn ìtànṣán.

Òjò_Àárọ̀:

Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi létí lórí fóònù, títí dé ti férémù. Ó ní òun ò dá kẹmó dúró mọ́, àmọ́ kí n wádìí bóyá ẹ̀gbọ́n lè wọnú ìwádìí kan. Ìbéèrè mi tó kù: irin kékeré wà lágbárí rẹ̀ látìgbà iṣẹ́ abẹ. Ṣé ìyẹn ti lé e sẹ́yìn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìró:

Kò fi dandan lé e. Titanium ni wọ́n sábà máa ń lò, ó lè wọ MRI. Àmọ́ irin àti ihò agbárí máa ń yí ọ̀nà ìró padà, nítorí náà CT ni wọ́n á fi wò ó bóyá ìró lè rí ọ̀nà gbà. Ìwádìí kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀ lórí èyí.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:

Kí ẹ tó kọ sí ibikíbi, ẹ kó nǹkan wọ̀nyí jọ: èsì tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n yẹ kókó náà wò, pẹ̀lú IDH àti MGMT (àyẹ̀wò apilẹ̀ àbùdá kókó náà), ọjọ́ tí ìtànṣán parí, ìwọ̀n dexamethasone tó ń lò báyìí, àti bó ṣe ń ṣe sí nínú ilé, bóyá ó ń dìde, tó ń wẹ̀, tó ń jẹun fúnra rẹ̀, torí wọ́n á bi yín. Àwòrán MRI àti CT, ẹ gbà wọ́n sínú díìsìkì ní ilé ìwòsàn. Ẹ má fi fóònù ya fíìmù ránṣẹ́, wọn ò ní rí ohunkóhun níbẹ̀.